Kátálọ́ọ̀gì lẹ́tà Bertrand Russell: bí mo ṣe ń lò ó ní Àjàṣẹ́ fún àpótí ìwé bàbá bàbá mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń lo nǹkan yìí, mo sì ti ṣèlérí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì kan pé màá kọ bí mo ṣe rí i sílẹ̀, torí àwọn náà ní àpótí ìwé nílé tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀. BRACERS lorúkọ ẹ̀. Kátálọ́ọ̀gì ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àwọn lẹ́tà tí Bertrand Russell, onímọ̀ fìlósófì ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, kọ àti èyí táwọn èèyàn kọ sí i, ìyẹn gbogbo èyí tọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ ti tẹ̀, ó sì ju 100,000 lọ. Ẹ ò ṣì í kà, ọ̀kẹ́ márùn-ún.

Olùkọ́ fìlósófì ni mí ní lísẹ̀ kan, ìyẹn ilé ìwé girama, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), torí náà Russell kì í ṣe àlejò sí mi. Wọ́n bí i ní 1872, ó kú ní oṣù kejì 1970, ó ku díẹ̀ kó pé ọdún 98. Ìṣirò àti lọ́jíìkì ló fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún un ní Nobel lítíréṣọ̀ ní 1950, nígbà tó sì dàgbà tán, tó yẹ kó jókòó sílé kó máa gba atẹ́gùn, ìgbà yẹn ló wá gbé ogun ti bọ́ǹbù átọ́míìkì, débi pé wọ́n tì í mọ́lé fún ọjọ́ méje ní 1961, ẹni ọdún 89 ni nígbà yẹn o. Èèyàn tó bá pẹ́ láyé tó báyẹn tó sì ń kọ lẹ́tà lójoojúmọ́, ẹ wo bí ìwé ilé ẹ̀ á ṣe pọ̀ tó. Ní 1968 ó ta àwọn ìwé náà fún yunifásítì McMaster ní ìlú Hamilton, ní Kánádà, torí ó nílò owó fún iṣẹ́ àlàáfíà tó ń ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí dòní, ibẹ̀ náà ni kátálọ́ọ̀gì yìí ti wá.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ohun tó kan èmi níbẹ̀.

Bàbá bàbá mi, aṣọ ni wọ́n ń tà, Èkó sí Àjàṣẹ́, Àjàṣẹ́ sí Kétu, wọ́n sì fẹ́ràn kí wọ́n máa kọ̀wé, Táńtì mi ní bàbá lè wà pẹ̀lú yín látàárọ̀ dalẹ́ kí wọ́n má sọ̀rọ̀ mẹ́wàá, tó bá di alẹ́ wọ́n á tan àtùpà wọ́n á kọ ojú ìwé mẹ́ta sí ọ̀rẹ́ wọn. Lọ́dún tó kọjá tí a fẹ́ tún òrùlé ilé ẹbí ṣe la gbé àpótí wọn sọ̀kalẹ̀ látorí àjà. Pákó ni, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ti sọnù, ikán ti jẹ igun kan ìsàlẹ̀ ẹ̀ lọ. Bí a ṣe já a, lẹ́tà ló kún inú ẹ̀, pẹ̀lú rìsíìtì, kátì, ìwé owó orí, fọ́tò, gbogbo ẹ̀ papọ̀. Òmíràn Yorùbá, òmíràn Faransé, àwọn kan wà tó jẹ́ Yorùbá ni wọ́n ń sọ ṣùgbọ́n àwọn alífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, èmi ò lè ka ìyẹn, Táńtì ló ń kà á. Rọ́bà tí wọ́n fi dì wọ́n ti yọ́ mọ́ ìwé lára, ó ti dà bí oje igi, pínnì tí wọ́n fi so àwọn míì ti dípẹtà, ó ti fi àmì pupa sílẹ̀ lára lẹ́tà. Àwọn àbúrò mi kan ní ká da ìyókù nù. Táńtì yarí. Wọ́n ní ìwé bàbá àwọn ò ní kúrò nílé yìí bí ẹ̀mí àwọn bá ṣì wà.

Ó wá kù sọ́wọ́ èmi tí wọ́n ní mo kàwé.

Àṣíìfù ìjọba, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́, wà níbí ní Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní École du Patrimoine Africain náà wà níbí láti 1998, wọ́n ń kọ́ àwọn tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Àmọ́ ìwé inú ilé oníkálukú, oníkálukú ló ń bá a jà. Mo kọ́kọ́ ra kàyé ńlá kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ báyìí pé "lẹ́tà kan láti Èkó, ó dà bí ẹni pé ìyàwó ẹnì kan bímọ". Mo kọ irú ẹ̀ bí ogójì. Nígbà tí Táńtì wá ní kí n fa èyí tó sọ̀rọ̀ ìkómọ yọ, mo wá a títí, mi ò rí i, mo wá rí i pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe yẹn, òfo ni.

Ìgbà yẹn ni mo rántí pé mo ti rí BRACERS rí nígbà tí mò ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Mo padà lọ síbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe torí Russell mọ́, torí kí n wo ọwọ́ tí wọ́n fi mú un.

Ẹ jẹ́ n júwe bí àkọsílẹ̀ kan ṣe rí. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tiẹ̀, kò sí lẹ́tà méjì tó ń pín nọ́ńbà. Ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó kọ ọ́ sí. Ọjọ́, ọdún ló sì ń ṣáájú, oṣù á tẹ̀lé e, ọjọ́ gangan á kẹ́yìn. Ibi tó ti kọ ọ́. Àpótí tó wà. Ojú ewé mélòó. Lẹ́yìn náà, irú lẹ́tà tó jẹ́, wọ́n ní àmì kéékèèké fún un, A ni èyí tẹ́ni náà fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, T ni èyí tí wọ́n fi táìpù tẹ̀, S tó bá kẹ́yìn ẹ̀, ó buwọ́ lù ú nìyẹn. Tó bá jẹ́ kábọ̀n ni, ìyẹn ẹ̀dà tí wọ́n fi pépà kábọ̀n mú nígbà tí wọ́n ń táìpù, wọ́n á sọ, tó bá jẹ́ fọ́tókọpí ni, wọ́n á sọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni àlàyé wà, ohun tí lẹ́tà náà dá lé, nígbà míì gbólóhùn kan péré, nígbà míì ó gùn dáadáa.

Ẹ lè máa wò ó pé kí ló wá wà níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Bí ẹ ṣe kọ ọdún ṣáájú yẹn, tí ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, fúnra wọn ni wọ́n á to ara wọn láti orí èyí tó pẹ́ jù dé èyí tó dé kẹ́yìn, ẹ ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Èmi ọjọ́ ni mo máa ń kọ ṣáájú bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ékọ́ọ̀lù, kọ̀ǹpútà wá kó gbogbo lẹ́tà ọjọ́ kìíní oṣù sójú kan, ti 1938 pẹ̀lú ti 1961. Mo nu gbogbo ẹ̀, mo tún un kọ. Mo sì ṣe àmì tiwa náà, F fún èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ, T fún táìpù, B tí wọ́n bá buwọ́ lù ú, L tó bá jẹ́ alífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní kíláàsì kẹrin ló ń bá mi kọ ọ́ báyìí, kì í ṣàṣìṣe.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló wá yà mí lẹ́nu jù. Russell yìí, ó ń buwọ́ lùwé bíi "B", bíi "Bertie", bíi "Bertrand Russell", nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sì kú ní 1931 ó jogún oyè, ó di "Russell" lásán. Ìyàwó ẹ̀ kẹta, Patricia Spence lorúkọ ẹ̀, "Peter" ni gbogbo èèyàn ń pè é. Obìnrin míì tó fẹ́ràn, Constance Malleson, "Colette" ló máa ń pè é nínú lẹ́tà. Ká ní bí orúkọ ṣe wà lára lẹ́tà ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ni, èèyàn kan á ti di mẹ́rin. Wọ́n mú orúkọ kan ṣoṣo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo lẹ́tà ẹ̀ lè jáde pọ̀ tí ẹ bá wá a.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Àjàṣẹ́, ẹ mọ ìdí tí ìyẹn fi wọ̀ mí lára. Nínú àpótí wa, ọkùnrin kan wà tó ń kọ̀wé látÈkó, lẹ́tà àkọ́kọ́ ó fi orúkọ Yorùbá buwọ́ lù ú, ìkejì orúkọ mùsùlùmí, ìkẹta orúkọ Àgùdà tí bàbá ẹ̀ jẹ́. Mo ti kà á sí èèyàn mẹ́ta. Táńtì ló wo ọwọ́ ìkọ̀wé ẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bùọ̀dá àwọn ni, òun ló máa ń gbé súwíìtì wá fún àwọn nígbà ọdún. Ká sọ pé Táńtì ti lọ ńkọ́? Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ní àpótí báyìí pé kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà wọn nísinsìnyí, kí wọ́n tó ra sikáànà, kí wọ́n tó ra nǹkankan.

Mo tún kọ́ nípa ìdáhùn. Lẹ́tà tó bá wà nílé yín, èyí tí wọ́n kọ sí yín ni, èyí tí ẹ̀yin kọ ti wà nílé ẹlòmíì. Lẹ́yìn tí Russell ti ń ní akọ̀wé tó ń bá a tẹ̀wé, kábọ̀n ń kù sílé, wọ́n rí ìyẹn kó jọ. Èyí tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ti lọ nìyẹn. Lẹ́tà tó kọ sí Ottoline Morrell, obìnrin míì tó fẹ́ràn, nìkan tó bíi 2,000, Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, ní Texas. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú kátálọ́ọ̀gì náà, wọ́n sì sọ ibi tí ojúlówó ẹ̀ wà. Kátálọ́ọ̀gì náà ò jókòó ti àpótí tiẹ̀ nìkan, ó ń jáde lọ wá ìdajì ọ̀rọ̀ tó kù.

Àwọn ọmọ tẹ́mínáàlì mi, ìyẹn kíláàsì àṣekágbá, mọ ìtàn Frege, onímọ̀ lọ́jíìkì ará Jámánì, lọ́dọ̀ mi. Ní 16 oṣù kẹfà 1902, Russell kọ̀wé ní èdè Jámánì sí Gottlob Frege, ó ní òun ń gbádùn ìwé yín o, àmọ́ ibì kan wà tó ń dà mí láàmú, ẹ wo àkójọ gbogbo àkójọ tí kò sí nínú ara wọn, ṣé òun náà wà nínú ara ẹ̀ àbí kò sí? Tó bá wà, kò sí. Tí kò bá sí, ó wà. Ìwé kejì tí Frege ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ti wà lọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé nígbà yẹn. Ní 22 oṣù kan náà ló dáhùn, ó ní ọ̀rọ̀ náà mi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ òun, kò bínú, kò bú u. Ọjọ́ mẹ́fà péré ló wà láàárín lẹ́tà méjèèjì. Tí mo bá ti kọ ọjọ́ méjèèjì sórí bóòdù kíláàsì máa ń dákẹ́, wọ́n á rí i pé èèyàn méjì ló ń kọ̀wé síra wọn, fìlósófì ò já bọ́ látọ̀run.

Ti Einstein náà ńkọ́. 1955, Russell kọ ìkéde kan sílẹ̀ nípa ewu bọ́ǹbù, ó fi ránṣẹ́ sí Einstein pé kó buwọ́ lù ú. Ó wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó ń ti Róòmù bọ̀ wá sí Paris, ni awakọ̀ bá kéde pé Einstein ti kú. Ó rò pé gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó dé òtẹ́ẹ̀lì ní Paris, ó bá lẹ́tà Einstein tó ti ń dúró dè é, ó ti buwọ́ lù ú kó tó kú. 9 oṣù keje ọdún yẹn ni wọ́n ka ìkéde náà fáyé gbọ́ ní London. Ìwé pélébé kan ni lẹ́tà yẹn o. Ká ní ẹnì kan ti sọ pé kí wọ́n da ìyókù nù ńkọ́.

Ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù yìí ló wá mú mi padà sínú àpótí wa, ibẹ̀ ni orí mi sì ti wú. Lẹ́tà kan wà láti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá tó wà ní Kétu, oṣù kejì 1960, ojú ewé méjì, yíǹkì aláwọ̀ búlúù tó ti ń ṣá. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó aṣọ, ó sọ pé àgbàdo ò ṣe dáadáa, lẹ́yìn náà ló wá béèrè bóyá bàbá ti gbọ́ pé àwọn Faransé yin bọ́ǹbù ńlá kan nínú aṣálẹ̀, pé ọyẹ́ tó ń fẹ́ wá bá wa láti apá ibẹ̀ ńkọ́, ṣé eruku tó ń bọ́ sínú omi àwọn ọmọ yìí kò ní nǹkan kan nínú? 13 oṣù kejì 1960 ni Faransé yin bọ́ǹbù àkọ́kọ́ yẹn ní Reggane ní Sàhárà, òótọ́ sì ni, ibẹ̀ náà ni ọyẹ́ ti ń wá. Wọ́n yin mẹ́rin níbẹ̀ títí di oṣù kẹrin 1961. Lẹ́tà kejì, látÈkó, ìbẹ̀rẹ̀ 1961, ẹni náà ní kí bàbá rọra ṣe ọ̀rọ̀ ẹrù torí Nàìjíríà ti lé aṣojú Faransé lọ nítorí bọ́ǹbù yìí. Òótọ́ nìyẹn náà, oṣù kìíní 1961 ni Nàìjíríà já okùn pẹ̀lú Faransé.

Mo padà sí BRACERS lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wá àwọn ọdún yẹn. Mo kọ orúkọ Nkrumah, ààrẹ Ghana nígbà yẹn, sí ibi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, ó gbé àkọsílẹ̀ jáde, ẹ rántí pé Nkrumah pe ìpàdé ayé tí kò ní bọ́ǹbù sí Accra ní 1962. Mo wo oṣù kẹwàá 1962, ìgbà wàhálà Kúbà, tí Amẹ́ríkà àti Soviet ń dojú kọra lórí ohun ìjà átọ́míìkì, àwọn wáyà, ìyẹn tẹlígíráàmù, tí Russell fi ránṣẹ́ sí Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Khrushchev, olórí Soviet, láti abúlé kan ní Wales, wáyà kan, àkọsílẹ̀ kan. Khrushchev dá a lóhùn kí gbogbo ayé gbọ́, Kennedy náà fèsì, ó ní ó sàn kó kọjú sí àwọn olè dípò àwọn tó mú olè. Mo wá jókòó, lẹ́tà Kétu wà lọ́wọ́ mi, àkọsílẹ̀ yẹn wà lójú fóònù mi. Ọ̀rẹ́ bàbá yẹn ò mọ Russell, Russell ò mọ̀ ọ́n, ohun kan náà ló ń bà wọ́n lẹ́rù lábẹ́ ọ̀run kan náà, ti ẹnì kan ní nọ́ńbà àti àpótí, ti ẹnì kejì wà lábẹ́ rọ́bà tó yọ́. Mo fún lẹ́tà Kétu ní nọ́ńbà lọ́jọ́ yẹn, 87 ni.

Àléébù ẹ̀ wá ńkọ́? Ó ní. Èyí tó dùn mí jù ni pé àkọsílẹ̀ lẹ ó rí, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ò ní rí lẹ́tà fúnra ẹ̀. Ẹ ó mọ̀ pé ó wà, ẹ ó mọ àpótí tó wà, Kánádà ni àpótí ọ̀hún wà. Ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí gidi á ní láti kọ̀wé sí wọn. Ìkejì, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ẹ̀, àwa tí Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níwèé ní láti máa fara balẹ̀ kà á, àwọn àmì ìkékúrú sì pọ̀, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á sú yín díẹ̀. Ẹ má ṣe sá. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé ọ̀rọ̀ lásán ló wà níbẹ̀, kò wúwo, mẹ́gà díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní á gbé e, kódà nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń fà bí ìgbín lálẹ́. Tí wọ́n bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún, ìkan tó kù, ti lẹ́tà tí a ò lè rí yẹn ni.

Ẹ jẹ́ n kìlọ̀ nǹkan kan. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní nọ́ńbà, mo gbé ìdì kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọpí àti sikáànì nínú ìlú, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n yọ lẹ́tà kúrò nínú àǹfẹ́lọ́ọ̀pù, wọ́n kó àǹfẹ́lọ́ọ̀pù sọ́tọ̀ kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n sì lu àgíráàfù, ìyẹn pínnì onírin, mọ́ ìwé tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọjọ́ tó wà lára sítáḿpù nìkan ni ọjọ́ tí àwọn lẹ́tà míì ní, ó ti yapa sí wọn báyìí. Mọ́kàndínlógún ló wà lọ́wọ́ mi tí mi ò mọ ọdún ẹ̀ mọ́. Ó dùn mí títí di òní. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn lẹ́tà, ẹ kọ ọ̀kan náà sára àǹfẹ́lọ́ọ̀pù ẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e jáde kúrò nínú yàrá. Pẹ́ńsù o, kì í ṣe bíìkì. Tẹ́ ẹ bá sì fi ọgbọ́n orí mọ ọjọ́ kan tí kò sí lára lẹ́tà, ẹ fi sáàárín àmì akọ́rọ́ onígun [ ], kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ fi kún un. Bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

A ti dé nọ́ńbà 212. Ọjọ́ Sunday la máa ń ṣe é, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Táńtì á jókòó sórí àga, wọ́n á ka ti Lárúbáwá sókè, èmi á kọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá Táńtì ní àwọn mọ ilé ọ̀rẹ́ bàbá yẹn ní Kétu, pé àwọn ọmọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Èsì tí bàbá kọ sí nọ́ńbà 87, tó bá wà láyé, ọ̀dọ̀ wọn ló wà. Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní àwọn náà ní àpótí kan tí wọn ò tíì ṣí. Sátidé yìí mo máa gba Pọbẹ̀ lọ, mo máa mú kàyé àti pẹ́ńsù dání.